Lẹ́tà láti São Paulo: orúkọ yín wà lórí káàdì mi

São Paulo, Bràsíl
Oṣù Keje

Ìyá mi àtàtà,

Àsàlámù àlékùn. Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le, pé orúnkún yín ti ń gbọ́ oògùn, pé gàrí ń tà, àti pé Taofeek ń bá yín gbé àwọn nǹkan tó wúwo. Èmi náà wà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òtútù ń mú níbí gan-an. Ìgbà tí òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín ni tiwọn máa ń tutù.

Gbogbo ìgbà tí a bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ ń bi mí pé ṣé wọ́n ti fún mi ní ìwé. Wọ́n ti fún mi, Ìyá mi. Káàdì ìgbélùú náà ti wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kọ bó ṣe lọ sílẹ̀ fún yín, torí pé orí fóònù kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ tán, àti torí pé Taofeek náà ti ń múra àtiwá. Kó kà á fún yín, kó sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí kò ti ní sọnù.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ni pé orúkọ yín wà lórí káàdì yẹn. Orúkọ mi wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí mi wà níbẹ̀, wọ́n sì tẹ orúkọ yín àti ti Bàbá wa sí i, kí Ọlọ́run bá wa forí jì wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ yìí nìyẹn. Kò síbi téèyàn dé tí wọn ò ní bi í pé kí lorúkọ ìyá ẹ. Ẹ lọ síléèwòsàn, wọ́n á bèèrè. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná, ẹni tó gbé fóònù á bèèrè kó tó dá yín lóhùn. Nínú fọ́ọ̀mù nọ́ńbà owó orí wọn, orúkọ ìyá nìkan ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún, wọn ò bèèrè ti bàbá rárá. Àwọn tó ń jẹ́ Maria da Silva àti José da Silva pọ̀ níbí bí ewé, orúkọ ìyá àti ọjọ́ ìbí ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Nílé, wọ́n á ní ọmọ ta ni ọ́, èèyàn á sì dárúkọ bàbá rẹ̀. Níbí, ọmọ Sikiratu ni mí, mo sì ń sọ ọ́ jáde pẹ̀lú ìdùnnú.

Nọ́ńbà méjì ni mo gbà. Èkínní ni wọ́n ń pè ní CPF. Receita Federal, ilé-iṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ wọn, ló ń fún èèyàn. Ẹyọ nọ́ńbà 11 ló wà nínú rẹ̀, bíi ti NIN wa. Ẹyọ kẹsàn-án ló ń sọ agbègbè tí wọ́n ti gbà á: 8 ni ti São Paulo, 5 ni ti Bahia àti Sergipe. Méjì tó kẹ́yìn ni kọ̀ǹpútà fi ń yẹ àwọn tó ṣáájú wò, tí èèyàn bá ṣì í tẹ̀, á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin kan tó sọ pé nọ́ńbà yìí nìkan ti tó fún ilé-iṣẹ́ ìjọba láti fi mọ èèyàn.

Ẹ ò lè mọ bí nọ́ńbà yìí ṣe wọ ìgbésí ayé wọn tó. Mo lọ ra tòmátì àti àlùbọ́sà, kí ọmọbìnrin tó ń gbowó tó gbójú sókè ló ti bèèrè pé, “CPF na nota?” Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun tẹ nọ́ńbà mi mọ́ rìsíìtì. Ìjọba ìpínlẹ̀ São Paulo ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2007, kí àwọn ọlọ́jà má baà máa fi owó orí pamọ́. Wọ́n sì máa ń dá díẹ̀ padà fún ẹni tó rajà. Tí mo bá fẹ́ ra oògùn ní ilé oògùn, CPF. Láti 2020 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Pix, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi fóònù fowó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi CPF wọn gbowó, títí kan àwọn tó ń ta omi àgbọn ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹni tí kò bá ní i, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń bá a sọ níbi gbogbo. Ohun tó mú inú mi dùn jù nídìí rẹ̀ ni pé òun ni mo fi gba káàdì SUS, ètò ìlera ọ̀fẹ́ ìjọba wọn, nílé ìwòsàn àdúgbò wa. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, dókítà bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, ẹ má fòyà mọ́ pé tí àìsàn bá ṣe mí, ta ni yóò tọ́jú mi.

Èkejì ni RNM, nọ́ńbà tí wọ́n ń fún àjèjì tó bá forúkọ sílẹ̀. Òun ló wà lórí káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní CRNM. Polícia Federal, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀, ló ń ṣe èyí. Ẹni tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé bíi tèmi ní 90 ọjọ́ láti ọjọ́ tó ti wọlé, kó ti lọ forúkọ sílẹ̀. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, owó ìtanràn á máa gorí ara wọn lójoojúmọ́. Èèyàn á kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á sanwó ní báńkì, á mú ọjọ́, lẹ́yìn náà ni yóò kó gbogbo ìwé rẹ̀ lọ.

Ọ́fíìsì wọn ní São Paulo wà ní àdúgbò Lapa. Ọjọ́ tí mo lọ, èrò láti Bòlífíà, Haiti, Àǹgólà, Venezuela àti Afghanistan ló kún ibẹ̀. Obìnrin ará Bòlífíà kan ló wà níwájú mi. Aránṣọ ni, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó ń ránṣọ ní àdúgbò Brás àti Bom Retiro. Nígbà tó kan ìka títẹ̀, ẹ̀rọ náà kọ̀, kò rí ojú ìka rẹ̀ kà. Abẹ́rẹ́ àti aṣọ ti fá gbogbo rẹ̀ bọ́rọ́. Ọlọ́pàá náà ò pariwo mọ́ ọn. Ó fi oògùn nu ìka rẹ̀, ó dì í mú, ó rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tún gbé òmíràn. Yín ni mo rántí, Ìyá mi, nígbà tí ẹ lọ gba NIN, tí ẹ̀rọ ò rí ìka yín kà, tí wọ́n ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn, torí iná àti agbada gàrí ti jẹ ojú ìka yín. Nígbà tí ẹ̀rọ gba ti obìnrin náà níkẹyìn, gbogbo àwa tó wà lẹ́yìn rẹ̀ la yọ̀ fún un.

Nígbà tó kàn mí, ọlọ́pàá náà fi ìwé ìbí mi àti ìtumọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó fi bírò tọ orúkọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, S, I, K, I, títí ó fi parí rẹ̀, ó sì yíjú sí kọ̀ǹpútà bóyá bákan náà ni wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀. Bákan náà ni. Wọn kì í fúnni ní káàdì lọ́jọ́ yẹn. Ìwé kan tí wọ́n ń pè ní protocolo ni wọ́n fún mi pé kí n máa fi hàn títí káàdì á fi jáde. Òfin mọ ìwé náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Báńkì kan wò ó, wọ́n ní àwọn ò lè fi ṣí àkáǹtì. Ó dùn mí gan-an, torí mo wà lórí òtítọ́. Báńkì mìíràn ló padà ṣe é fún mi.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí mo kà níbí fún yín, torí pé Mùsùlùmí ni yín. Ní oṣù Kìíní ọdún 1835, nínú Ràmàdáánù, àwọn Mùsùlùmí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá dìde ogun sí oko ẹrú ní ìlú Salvador, ní Bahia. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n, ìmàle tiwa náà ni. Wọ́n ṣẹ́gun wọn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ìjọba Bahia ṣe òfin pé kí gbogbo ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira lọ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n máa san mil-réis 10, owó ilẹ̀ Bràsíl nígbà yẹn, lọ́dọọdún, kí wọ́n má sì ra ilé tàbí ilẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n bá fura sí, kí wọ́n lé e padà sí Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ gbàwé ìrìnnà, wọ́n sì wálé. Wọ́n wà lára àwọn Àgùdà tẹ́ ẹ mọ̀ ní Pópó Àgùdà l’Ékòó. Orúkọ ẹni tó kó wọn lẹ́rú sì ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ́ bí orúkọ ìdílé. Wọ́n kọ orúkọ àwọn èèyàn wa sílẹ̀ nígbà yẹn kí wọ́n lè lé wọn jáde. Wọ́n kọ tèmi sílẹ̀ kí n lè dúró, orúkọ ìyá tó bí mi ló sì wà níbẹ̀. Ẹ bá mi ṣe àdúà fún àwọn yẹn.

Taofeek, tìrẹ ló kù báyìí, fara balẹ̀ kà á.

Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà kì í gbé orúkọ òbí. Nítorí bẹ́ẹ̀, Polícia Federal á bèèrè ìwé ìbí lọ́wọ́ ẹ. Ìwé ìbí tìrẹ kọ “Sikira” fún Màámi. Tèmi kọ “Sikiratu Bello”. Ti NIN àwọn fúnra wọn, “Sikirat Asake Bello” ló wà níbẹ̀. Nílé, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jà lórí ìyẹn. Níbí, èèyàn mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà máa kà wọ́n sí, tí orúkọ ìyá ò bá sì bára mu láti ọ́fíìsì kan sí èkejì, wọ́n á máa dá ẹ padà. Lọ bá àwọn National Population Commission kí wọ́n tún un ṣe, kó o búra ní kóòtù tí wọ́n bá ní kó o búra. Èyí tó wà nínú ìwé tèmi ni kó o lò, kí ìjọba ibí lè rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni wá.

Ẹ̀yìn tó o bá tún un ṣe tán ni kó o tó gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè l’Ábújá kí wọ́n fòǹtẹ̀ lù ú, ibẹ̀ ni wàá ti gbé e lọ sí kọ́ńsúlétì Bràsíl l’Ékòó. Má sanwó ìtumọ̀ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ògbufọ̀ tí ìjọba ilẹ̀ yìí búra fún nìkan ni wọ́n ń gba ìtumọ̀ rẹ̀, èmi ni màá bá ẹ wá a níbí. Kọ́ńsúlétì náà lè bá ẹ ṣe CPF kó o tó wọ bàálù, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń gba owó ńlá lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ nítorí rẹ̀. Má fún wọn ní náírà kan.

Tó o bá sì gba CPF tán, má yá ẹnikẹ́ni lò, bó ti wù kó o mọ̀ ọ́n tó. Àwọn ará ilé máa bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n fi ra síìmù, kí wọ́n fi ra fóònù ní àwìn. Gbèsè tí wọ́n bá jẹ, orí nọ́ńbà tìrẹ ló máa wà, ọ̀dọ̀ ẹ ni wọ́n máa wá, lọ́jọ́ tó o bá sì ń wá ilé tó o fẹ́ háyà, òun ni onílé á kọ́kọ́ rí. Fún wọn lóúnjẹ, fún wọn níbi tí wọ́n máa sùn. Nọ́ńbà yẹn, má fún wọn.

Tí ilẹ̀ bá fẹ́ yí ẹ lórí lẹ́yìn tó o bá dé, ọ́fíìsì kan tí wọ́n ń pè ní CRAI wà, ìjọba ìlú São Paulo ló dá a sílẹ̀ ní 2014 fún àwọn àjèjì. Wọ́n máa ń la ọ̀rọ̀ ìwé yéèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Missão Paz tó wà ní àdúgbò Glicério náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, Kátólíìkì ni wọ́n, wọn ò sì bèèrè ẹ̀sìn mi kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

Ìyá mi, mo fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ Taofeek. Ẹ fi ra oògùn orúnkún yín, ẹ má pín in fún aládùúgbò. Ẹ bá mi kí Àáfà, ẹ kí Ìyá Muinat, ẹ sọ fún un pé mo rí aṣọ tó fún mi lò nínú òtútù yìí. Kí Taofeek ya fọ́tò ìwé ìbí náà tí wọ́n bá tún un ṣe tán, kó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kó tó gbé e lọ Àbújá, kí n lè kọ́kọ́ yẹ orúkọ yín wò.

Èmi ni ọmọ yín,
Kafayat