Fúnkẹ́, ẹ̀rọ ata kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kẹjọ.

Fúnkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Àlàáfíà ni àwa náà wà níbí, àfi òjò tí kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ láti ọjọ́ Àìkú.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O fi mí rẹ́rìn-ín pé èmi tí mi ò lè da ọ̀rá búrẹ́dì nù ni mo wá lọ ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa jíìnì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ẹrù má kún ilé. Ó dùn mí díẹ̀, àmọ́ irọ́ kọ́. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ike áísìkiriìmù mẹ́fà ló wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi. Irú wà nínú ọ̀kan. Òfìfo ni márùn-ún yòókù.

DIS3 lorúkọ jíìnì náà, ìtọ́ni kan nínú DNA ni; orí kúrómósóómù 13, ọ̀kan nínú àwọn okùn DNA inú sẹ́ẹ̀lì, ló wà. O rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa ní SS2: DNA kì í kúrò nílé, RNA ló máa ń jíṣẹ́ rẹ̀ fún sẹ́ẹ̀lì, kí sẹ́ẹ̀lì lè mọ irú purotéènì tó máa ṣe. Ibẹ̀ ni olùkọ́ wa bá a dé tí agogo fi lù, la bá sáré lọ jẹun. Kò sẹ́ni tó béèrè pé, nígbà tí ìránṣẹ́ bá ti jíṣẹ́ tán, kí ni wọ́n ń fi ṣe? Wọ́n ń lọ̀ ọ́ ni. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á sì tún fi ẹ̀rún rẹ̀ ṣe òmíràn.

Ṣé o rántí ìyá tó ń lọ ata ní Tákíé, tí a máa ń tò síwájú ẹ̀rọ rẹ̀ ní Sátidé? Òkè ni wọ́n ń da ata àti tàtàṣé sí, ìsàlẹ̀ ni eyín irin wà, níbi tí ọwọ́ ò lè dé. Bí ti sẹ́ẹ̀lì ṣe rí nìyẹn. Purotéènì mẹ́sàn-án ló para pọ̀ di àgbá kan tó ní ihò láàárín: mẹ́fà tò yíká bí òrùka, mẹ́ta jókòó lé wọn lórí bí ọmọrí. Exosome ni wọ́n ń pè é, inú yíìsì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1997. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé, nínú ara èèyàn, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ò léyín. DIS3, purotéènì tí jíìnì yẹn ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ṣe, tó rọ̀ mọ́ ìdí àgbá, ló léyín. Ìrù RNA ló ń kọ́kọ́ wọnú ihò, DIS3 á wá máa jẹ ẹ́ lẹ́yọ lẹ́yọ títí dé orí. Ihò yẹn tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé RNA tó bá lọ́ mọ́ra ò lè wọ̀ ọ́, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ tú u. DIS3 tún ní ibòmíràn tó mú lára tó fi ń gé RNA láàárín, bí ìgbà tí èèyàn bá dá àlùbọ́sà sí méjì kó tó dà á sẹ́rọ.

Orúkọ rẹ̀ ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn ará Japan tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1988 ò wá ohun tó ń lọ RNA rárá. Yíìsì tí kúrómósóómù rẹ̀ kọ̀ tí kò pínyà nígbà tí sẹ́ẹ̀lì fẹ́ di méjì ni wọ́n ń wò, àìpínyà yẹn ni “DIS” inú orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí. Ó wá dà bí ẹni tó ń jẹ́ Ìdòwú tí kò sí ìbejì níwájú rẹ̀.

Mi ò tíì sọ ìdí tí mo fi yàn án fún ọ. O mọ Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n máa ń ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún wa. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń gba oògùn ara ríro níbì kan kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ká yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò dáadáa. Jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn eegun ni, èyí tí wọ́n ń pè ní myeloma. Nínú ẹni mẹ́wàá tó bá ní in, nǹkan bí ẹnì kan ni DIS3 ti yí padà nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í bí i mọ́ni, inú sẹ́ẹ̀lì yẹn ló ti ń ṣẹlẹ̀. Méjì méjì ni kúrómósóómù máa ń wà, ó sì wọ́pọ̀ kí kúrómósóómù 13 kejì tí ì bá dí àlàfo náà ti sọnù. Mi ò sọ pé òun ló ṣe Bàbá Àgbà o. Kò sẹ́ni tó wò ó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè gbé orúkọ yẹn kúrò lọ́kàn.

Wá gbọ́ ohun tó ṣe mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń yọ RNA nínú ẹ̀jẹ̀. Tí RNA bá pé, ìlà méjì tó mọ́ kedere ló máa ń hàn lórí jẹ́ẹ̀lì, ohun rírọ̀ tí a fi ń yẹ RNA wò. Tèmi rí bí àtíkè tí ọmọdé fọwọ́ nù sára ògiri. Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n ní, “Mojí, ìbọ̀wọ́ yìí, àbí kí ni?”

Fúnkẹ́, mo ti fọ ìbọ̀wọ́ yẹn. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a sójú fèrèsé, mo tún wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ awọ ara wa fúnra rẹ̀ ń tu ohun tó ń gé RNA jáde, RNase 7 lorúkọ ọ̀kan nínú wọn, ó ń bá wa pa kòkòrò àìfojúrí. Ẹlòmíràn nínú irú wọn wà tó jẹ́ pé o lè sè é kó hó, tó bá tutù, á tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Omi ọṣẹ lásán lèmi fi fọ tèmi.

Nítorí náà, tí o bá ń bọ̀ ní Disẹ́ńbà, jọ̀ọ́ bá mi ra ìbọ̀wọ́ páálí méjì, èyí tí kò ní àtíkè nínú, ìwọ̀n kékeré. Màá san owó rẹ̀ fún ìyá rẹ níbí. Àwọn tí mo fọ̀ yẹn, mo ti kó gbogbo wọn dà nù. Àwọn ike áísìkiriìmù ṣì wà níbẹ̀.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Mojí.