Ẹsẹ̀ Aboyún Tó Wú Kì í Ṣe Ẹjọ́ Bàtà Nìkan

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, torí inú ń bí mi gidi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, aboyún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ojú rẹ̀ náà ti ń wú, ni wọ́n ní kó lọ ra bàtà tó fẹ̀. Wọn ò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn ò yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Bàtà ni wọ́n rí!

Lóòótọ́, bàtà ń ni aboyún lára. Oyún máa ń dẹ iṣan tó so eegun ẹsẹ̀ pọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á tẹ́, bàtà àtijọ́ á wá há. Bàtà gogoro á da ìwúwo ara síwájú ẹsẹ̀, ẹ̀yìn á máa ro ó. Sílípáàsì pẹlẹbẹ líle náà á jẹ́ kí gìgísẹ̀ máa dunni. Kó ra bàtà nírọ̀lẹ́ tí ẹsẹ̀ ti wú tán, kí àyè àtàńpàkò kan ṣẹ́ kù níwájú. Àmọ́ bí wíwú bá dé ojú àti ọwọ́ tí òrùka ò bọ́ mọ́, tàbí tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú tó sì ń dùn ún, ẹ fi bàtà sílẹ̀, ẹ wá dókítà.

Wíwú ojú àti ọwọ́ lè jẹ́ àmì ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì pariwo. Bí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, tí ẹ̀rọ bá ka 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, ó ti di ohun tí à ń ṣọ́. Tó bá dé 160 tàbí 110, ọjọ́ náà gan-an ni kó dé ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀fọ́rí tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, ìrora lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún: gìrì ló lè tẹ̀ lé e.

Báwo ni wọ́n tilẹ̀ ṣe ń wọ̀n ọ́n? Obìnrin á gun ọ̀kadà láti Ìkòyí-Ilé wá, kò tíì mí délẹ̀, wọ́n á wé ẹ̀rọ lé apá bùbá mọ́ ọn lára, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro, ó ń sọ̀rọ̀. Aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá, ẹyọ kan ṣoṣo ni fún apá tínínrín àti apá ńlá. Èyí tó kéré á ka iye tó ga ju òótọ́ lọ, èyí tó tóbi jù á fi ewu pamọ́. Káàdì míì wà tí 120/80 kún gbogbo ìlà rẹ̀ láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹsàn-án. Ta ló wọ̀n ọ́n? Àwọn tó ń ṣàkóso owó ìlera ń kun ògiri, bátìrì ẹ̀rọ ò sí.

Ohun tí mo fẹ́ kò wọ́n. Kí òṣìṣẹ́ kan wà ní ọjọ́ aboyún tí kò ní iṣẹ́ míì ju ìfúnpá lọ. Kó ní àga tó ní ìfẹ̀yìntì àti aṣọ ẹ̀rọ méjì, kékeré àti ńlá. Kí aboyún kọ́kọ́ tọ̀, kó jókòó fún ìṣẹ́jú 5, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, apá lásán lórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú ọkàn, ẹnu pa. Tó bá ga, kí wọ́n tún un wọ̀n kó tó lọ. Ní ti ìtọ̀ tó kọ́kọ́ tọ̀ yẹn, tí wọ́n fi ń wò bóyá purotéènì wà nínú rẹ̀: kó jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dànù, kó gba ti àárín, kí wọ́n ri ọ̀pá àyẹ̀wò bọ̀ ọ́, kí wọ́n dúró tó iye ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n kọ sára ìgò ọ̀pá náà kí wọ́n tó fi àwọ̀ wé àwọ̀. Kí wọ́n dé ìgò náà pa. Ọ̀rinrin ń ba ọ̀pá jẹ́, àwọn kan sì ń ṣí i sílẹ̀ látàárọ̀.

Kí magnesium sulphate, oògùn tó ń dá gìrì dúró, wà nílẹ̀ fún ẹni tí gìrì bá mú kí wọ́n tó gbé e lọ. Ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru yìí nínú oyún àtẹ̀yìnwá, kó tètè bi dókítà nípa aspirin, oògùn tó lè dín ewu rẹ̀ kù, kí ọ̀sẹ̀ 20 tó kọjá. Kí àwọn ilé agbẹ̀bí ìjọ náà ra ẹ̀rọ.

Ẹ má sì dá abiyamọ sílẹ̀ tó bá ti bímọ tán. Gìrì yìí ṣì lè dé láàárín ọ̀sẹ̀ 6, nítorí náà kí wọ́n wọ̀n ọ́n kó tó relé, kí wọ́n sì pè é padà wá wọ̀n lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Èmi ni tiyín,
Agbẹ̀bí kan, Ògbómọ̀ṣọ́