Ẹ wo aláìsàn kí ẹ tó wo ẹ̀rọ

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìntì, ọ̀rọ̀ yìí sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù tó kọjá.

Mo sin màmá kan ládùúgbò wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ihò imú wọn ń fẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mí, awọ ìhà wọn ń wọnú, wọn ò sì lè sọ̀rọ̀ kan dópin kí wọ́n má dúró mí. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá, ọmọ tó mọṣẹ́, tó sì níwà, ki ìka màmá bọ inú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ gbé 95 jáde.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, atẹ́gùn yín pé." Ló bá yíjú sí ẹni tó kàn.

Mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi ka èémí wọn fún ìṣẹ́jú kan gbáko."

Àwa méjèèjì jọ tẹjú mọ́ àyà màmá. Ó di 34. Bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà tára rẹ̀ dá, 12 sí 20 ni. Ọmọ náà sáré pe dókítà. Òtútù àyà ni. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, màmá ti padà sílé.

Mi ò bá ẹ̀rọ jà. Ó wúlò gan-an lásìkò Kòrónà. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ló ń tàn gba inú ìka kọjá: ọwọ́ tó tutù lè ṣì í lọ́nà, èékánná tí wọ́n kùn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ara wa gan-an ń ṣì í lọ́nà. Ìwádìí kan tí àwọn oníṣègùn Yunifásítì Michigan gbé jáde ní 2020 fi hàn pé iye ìgbà tí ẹ̀rọ yìí ń pe atẹ́gùn tí kò tó ní èyí tó pé lára aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń ka èémí. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́, ó kà á dáadáa. Nọ́ńbà tó kọ́kọ́ rí ló bò ó lójú. Ẹni tó bá ti rí 95, ojú rẹ̀ á máa wá ohun tó bá 95 mu.

Mo wá ń bẹ àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn pé kí wọ́n yí ètò yìí padà. Kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ka èémí, kó fọwọ́ kan ara aláìsàn, kó wo inú ètè àti ahọ́n, kó kọ ọ́ sínú káàdì, kó tó mú ẹ̀rọ. Bí méjèèjì ò bá bára mu, kó pe dókítà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá sin èèyàn yín lọ, ẹ̀yin náà lè wo aago kí ẹ bá wọn kà á: àyà gbéra sókè, ó wálẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Òṣogbo.