Ẹ má ṣahun ṣéènì ìdákọ̀ró

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí fífi ọkọ̀ ojú omi ṣe afẹ́ lọ sí àwọn erékùṣù kéékèèké nígbà ooru. Òótọ́ lẹ sọ nípa bí omi ibẹ̀ ṣe ń mọ́ gaara àti bí ọkàn ṣe ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò mẹ́nu ba ìdákọ̀ró rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ bóyá èèyàn á rí oorun sùn.

Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ bíi mẹ́wàá ti wà ní èbúté tóóró kan nígbà tí ẹnì kan wa ọkọ̀ tirẹ̀ wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ó rí i pé àyè ò sí, ló bá sọ ìdákọ̀ró sáàárín wa, ó tú ṣéènì díẹ̀ tẹ̀ lé e. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti gorí ilẹ̀ lọ.

Ní nǹkan bí aago kan òru, ìró gbì ló jí mi. Ọkọ̀ náà ti wọ́ wá bá wa, ìdí rẹ̀ ń gbá imú ọkọ̀ wa bí ìgbì bá ti gbé e. Ìyàwó mi fẹ́ fẹsẹ̀ tì í, mo kígbe pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, torí ẹsẹ̀ tó bá há sáàárín ọkọ̀ méjì, fífọ́ ni. Nígbà tó gba ẹ̀gbẹ́ wa ń kọjá lọ, mo fò sínú rẹ̀, mo sì gbé ọwọ́ lé ṣéènì. Ó ń gbọ̀n gìrìgìrì lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi: ìdákọ̀ró ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí òkúta nísàlẹ̀. Mo tú ogún mítà sí i. Ìgbọ̀n náà dáwọ́ dúró, ọkọ̀ sì dúró. Àṣé ṣéènì yẹn wà nínú ọkọ̀ látọjọ́ yìí!

Ìwúwo nìkan kọ́ ni ìdákọ̀ró fi ń di ọkọ̀ mú. Ó gbọ́dọ̀ wọlẹ̀, kò sì lè wọlẹ̀ àyàfi tí a bá fà á gbọọrọ lórí ilẹ̀ abẹ́ omi. Ṣéènì kúkúrú á fà á sókè, á sì hú u. Láti mọ bó ṣe yẹ kí ṣéènì gùn tó, ká ro jíjìn omi pọ̀ mọ́ gíga imú ọkọ̀, ká sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, ó kéré tán. Tó bá jẹ́ okùn, ìlọ́po méje. Omi mítà mẹ́rin, imú ọkọ̀ mítà kan: mítà 25 nìyẹn. Bí omi yóò bá sì fi mítà méjì kún lóru, ó di 35. Lẹ́yìn náà, ká fi ẹ́ńjìnnì fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kó lè rì wọlẹ̀. Orí iyanrìn ni ká sì sọ ọ́ sí. Koríko abẹ́ omi kì í jẹ́ kó wọlẹ̀, ìdákọ̀ró a sì máa ba koríko ọ̀hún jẹ́.

Nígbà ooru, afẹ́fẹ́ tó fẹ́ láti òkun lọ́sàn-án lè yí padà lóru nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Gbogbo ọkọ̀ á wá yí ojú síbòmíràn, ìgbà yẹn gan-an ni ṣéènì kúkúrú ń dójú tini.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní èbúté ti kún, pé kò sáyè fún ṣéènì gígùn. Tí kò bá sáyè, a jẹ́ pé ibẹ̀ ti kún nìyẹn. Ẹni tó bá tètè dé lọ́sàn-án ṣì lè wá ibòmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló yẹ kó yàgò fún ẹni tó ti wà níbẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, Olóòtú, nígbà tí ẹ bá tún kọ nípa ìrìn àjò yìí, ẹ ní kí àwọn awakọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó lọ sórí ilẹ̀. Kí wọ́n fi ojú so ohun méjì lórí ilẹ̀ pọ̀, igi kan àti òrùlé kan, kí wọ́n máa wò ó bóyá méjèèjì ń kúrò lórí ìlà kan náà, torí ìyẹn ló ń fi hàn pé ọkọ̀ ń wọ́ lọ. Kí wọ́n sì tan iná funfun tí a lè rí láti ìhà gbogbo, bí òfin àgbáyé ọdún 1972 lórí ìkọlura ọkọ̀ lójú òkun ṣe wí. Ọkọ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn ò tan iná kankan.

Èmi ni òǹkàwé yín.