Ọ̀rọ̀ Sí Ẹ̀yin Oníbàárà Wa Lórí Owó Tuntun àti Ẹ̀kọ́ Tó Ń Pẹ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo mọ̀ pé ìkíni yẹn á bí àwọn kan nínú, nítorí ẹ ti ń retí ẹ̀kọ́ kẹrin nínú fídíò wa lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ajá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìkéde owó tuntun lẹ sì rí dípò rẹ̀. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́. Mo gbọ́ èyí tí ẹ fi ohùn sọ náà, títí kan ti Àǹtí wa ní Ìlódè tó gùn tó ìṣẹ́jú méje, níbi tí wọ́n ti béèrè pé ṣé ajá ni àwọn fẹ́ kọ́ ni àbí àwọn ń rán an lọ sí yunifásítì. Mo rẹ́rìn-ín. Ó sì dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ owó náà, kí n má baà dà bí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ bo nǹkan mọ́lẹ̀. Fídíò ẹ̀kọ́ méjìlá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin ajá, tó jẹ́ ₦4,000, ti di ₦6,500. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ la ó máa gbé ẹ̀kọ́ jáde báyìí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì mọ́. Ẹni tó bá ti san ₦4,000 kò ní san kọ́bọ̀ kún un títí yóò fi gba méjèèjìlá. Mo ti wí i, mi ò ní yẹ̀ ẹ́.

Bátìrì ló fà á. Mo mọ̀ pé epo lẹ rò pé mo máa sọ. Òótọ́ ni pé epo bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ kò tó ₦200 kí Ààrẹ tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ti kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Òótọ́ sì ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ìjọba gbà kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù fi ìdajì lé owó wọn, tó fi jẹ́ pé fídíò kan ṣoṣo tí mo bá fi ránṣẹ́ ń jẹ dátà bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la jọ wà nínú ìyẹn. Kò dáa kí n máa sunkún epo sí ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ra epo létí. Bátìrì ni tèmi.

Yàrá tí mo ń lò kọjú sí ògiri aládùúgbò, ó ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Láìsí iná ńlá méjì tí mo gbé nàró síbẹ̀, ajá dúdú bíi Kòkànyín, ajá mi tí mo fi ń kọ́ yín, á kàn dà bí òjìji tó ní ojú méjì ni. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gé fídíò kò ní bátìrì tirẹ̀, orí tábìlì ló ń gbé. Ẹ̀dọ̀ màlúù tí mo máa ń bọ̀, tí mo ń gé kéékèèké bí èékánná ọmọdé kí n fi yin ajá, inú fíríìjì ló ń wà. Gbogbo èyí, ínfátà ló ń gbé e. Nítorí náà, ní ọdún tó kọjá, mo kó èrè oṣù mọ́kànlá jọ pẹ̀lú owó àjọ tí mo gbà, mo fi ₦620,000 ra bátìrì méjì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí mi ò ní dárúkọ. Ó ní tuntun ni. Ó fi ọ̀rá bò ó. Ó fún mi ní ìwé pé tó bá bàjẹ́ kí ọdún kan tó pé, òun á pààrọ̀ rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin. Oṣù mẹ́rin péré. Mo kàn rí i pé iná ń kú lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ó di mẹ́wàá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo tẹ̀ ba, mo fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn: ó ti wú yọ síta bí ikùn ọmọ ajá tó ní aràn. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo ẹ̀kọ́ kẹta mọ ikùn tí mò ń sọ. Mo gbé e sínú takisí, mo gbé e padà lọ. Ọkùnrin yìí wò ó, ó ní mo lò ó jù. Mo ní kí ni wọ́n ń ra bátìrì fún? Ó ní ìwé tí òun fún mi, orúkọ ìsọ̀ òun àtijọ́ ló wà lórí rẹ̀, ìsọ̀ yẹn kò sí mọ́. Ó dúró sínú ìsọ̀ kan náà tó ń sọ fún mi pé ìsọ̀ kò sí mọ́. Àwọ̀ tuntun ni wọ́n kùn ún. Mo lọ síbẹ̀ ní ìgbà márùn-ún. Ní ìgbà karùn-ún, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé, “Ẹ má bínú, Bàbá, ẹ má wulẹ̀ dara yín láàmú mọ́.” Ọmọ náà ló ṣe èèyàn jù níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé mò ń pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fojú fò ó.

Àwọn kan ní kí n tan jẹnẹrétọ̀ kí n máa ya fídíò lọ. Mo dán an wò. Ẹ rántí bí ẹ̀kọ́ kejì ṣe lọ: mo mú ẹ̀dọ̀ dání, mo gbé e kọjá lókè imú Kòkànyín díẹ̀díẹ̀ síhà ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, orí rẹ̀ gbé sókè, ìdí rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mi ò tì í, mi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ìdí yẹn ṣe kanlẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ní “Káre!”, ẹran sì tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta pẹ́, ajá á ti dìde, ìdìde rẹ̀ lẹ sì sanwó fún. Ẹ ó wá máa sọ pé ajá yín ya olórí kunkun. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kì í tètè fojú mú àsìkò yẹn, etí ló fi ń mú un. Inú ohùn ni ẹ̀kọ́ náà wà.

Fídíò tí mo yà pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀, ọmọkùnrin kan ní Modákẹ́kẹ́ ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí kó bá mi wò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ó pè mí pé ajá òun ń jókòó dáadáa, ṣùgbọ́n kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ tó fi ń fò dìde sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí ó ṣe é kí n gbọ́. Ó ní “Jókòó”, lẹ́yìn náà ó pariwo pé “Ká lọ!” Ariwo ẹ̀rọ ti jẹ “káre” mọ́ ọn létí. Ajá náà kò ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe.

Mo tún ní ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ méje kan nínú yàrá lọ́jọ́ náà. Bí ẹ̀rọ ṣe bú báyìí, ó wọ abẹ́ àga, ó tọ̀ síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ karùn-ún ni mo ti fẹ́ kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ ajá mọ́ ariwo díẹ̀díẹ̀ láti òkèèrè, kó má baà máa gbọ̀n títí ayé. Mo wá rí i pé kò tíì mọ́ èmi alára lára.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ń ta tiwọn ní ₦2,000, orin wà nínú ẹ̀, ajá ibẹ̀ ga tó kìnnìún. Ẹ lè rà á, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Kí ẹ kàn wò ó bóyá ẹ ó gbọ́ ohùn ẹni tó ń kọ́ ajá náà, àti bóyá ó fi okùn fún un lọ́rùn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, tí mo ní mo fẹ́ fi Yorùbá kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ajá, ní Ilé-Ifẹ̀ yìí, tí Ọọ̀ni ń lọ sí Òkè Mògún nígbà ọdún Ọlọ́jọ́, tí gbogbo èèyàn mọ ohun tí Ògún ń jẹ, wọ́n ní ṣé mò ń bọ́ ajá de Ògún ni. Àwọn tó mọ̀wé jù sọ pé òyìnbó nìkan ni ajá ń gbọ́. Ajá kì í gbọ́ òyìnbó, kì í gbọ́ Yorùbá. Ohùn kan náà, lọ́nà kan náà, látẹnu gbogbo ará ilé ló ń gbọ́. Ilé tí bàbá ti ń wí “Jókòó”, tí ọmọ ń wí “Sit”, tí ìyá ń wí “Ìwọ yìí, ṣé o ò ní gbádùn ni?”, kí ni kí ajá ibẹ̀ ṣe? Kòkànyín yìí, ajá ilé lásán ni, èyí tí ẹ̀ ń pè ní ekuke. Orúkọ tí mo sọ ọ́, àwọn tí a jọ gbélé nígbà yẹn mọ ẹni tí mo fi ń bá wí. Mo lè dúró ní ẹnu ọ̀nà Mayfair ní Ifẹ̀ yìí kí n pè é láàárín ọkọ̀ àti ọlọ́kadà, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi tààrà. Àwọn tó ti rí i mọ̀ pé mi ò parọ́.

Ẹ̀sùn kan wà tí mi ò ní àwíjàre sí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ajá kékeré, ìbínú yín tọ́. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n bí ajá títí dé bí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jù fún èèyàn, ariwo, ọ̀kadà, agboòrùn. Ọmọ ajá kì í dúró de bátìrì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo jẹ lọ́wọ́ yín, mi ò lè dá a padà. Ẹ má dúró dè mí o: ẹ gbé e mọ́ra, ẹ jẹ́ kó rí oríṣiríṣi èèyàn, ẹ máa gbé e jáde sọ́wọ́ kí ẹ má sọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí ajá ìgboro ń yàgbẹ́ sí títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò fi pé. Tó bá sì ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ìyẹn kò sí lára ₦6,500, ẹ jọ̀ọ́.

Ohun tí a ń ṣe báyìí kò pọ̀. Mo ti ra bátìrì kan, níbòmíràn, mò ń san án díẹ̀díẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la ń ya èyí tó bá ṣeé yà níta. Fídíò á kúrú sí i kí dátà yín lè sinmi; ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún náà ni ọmọ ajá lè fọkàn bá yín lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi dátà gbà á, kó mú mẹ́mórì wá bá wa ní Sábó, a ó kó o sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ padà, kó sọ fún mi. Kò rọrùn fún mi láti kọ gbólóhùn yẹn, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, “Máa bọ̀” la máa kọ́. Ẹ gbé ohùn fóònù yín sókè. Bí ẹ bá ń gbọ́ nǹkan tó ń dún gbì, gbì, gbì lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀. Ìrù Kòkànyín ló ń na ilẹ̀kùn páànù. Mo gbìyànjú láti yọ ọ́, kò yọ, mo bá fi sílẹ̀.

Èmi ni ti yín nítòótọ́,
Bàbá Kòkànyín,
Sábó, Ilé-Ifẹ̀