Kọfí àti obì: ẹ jẹ́ ká kà wọ́n pọ̀

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn.

Àwọn kan ṣì ń pariwo kiri pé kọfí ń fa jẹjẹrẹ. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Lọ́dún 2016, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, yọ kọfí kúrò lára ohun tí wọ́n ń fura sí. Mímu ohun gbígbóná janjan tó ju 65°C lọ ni wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun, ìbáà jẹ́ tíì. Ìwádìí tiẹ̀ fi hàn pé àtọ̀gbẹ oríṣi kejì àti àrùn ẹ̀dọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn tó ń mu kọfí.

Èyí tó ń kọ mí lóminú ni ti àwọn awakọ̀ òru wa: kọfí lọ́wọ́, obì lẹ́nu. Kaféènì kan náà, èròjà tó ń lé oorun lọ, ló wà nínú méjèèjì! Àgbàlagbà tára rẹ̀ dá ṣáṣá kò yẹ kó kọjá nǹkan bíi mílígíráàmù 400 lóòjọ́, aláboyún, 200. Bó bá pọ̀ jù, ọkàn á máa lù kìkì, oorun á sì dàwátì. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ máa ń bi aláboyún léèrè nípa kọfí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa béèrè obì náà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.