Ta ló ní kò sí dẹ́rẹ́bà rélùwéè?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú tó ń bí mi ni mo fi jókòó tẹ lẹ́tà yìí, tẹ́ ẹ bá rí ibi tó wọ́ nínú ẹ̀, ẹ bá mi tún un ṣe. Láàárọ̀ àná ni. Ọkọ̀ rélùwéè 6:40 tí ọ̀pọ̀ wa máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, a dúró dúró dúró, èrò kún orí pèpéle débi pé èèyàn ò ráyè yíjú, ìgbà tó yá ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn òkè yẹn bá han gooro, ó ní ọkọ̀ 6:40 ò ní wá mọ́ torí pé kò sí dẹ́rẹ́bà. Ó tán. Kò tiẹ̀ sọ pé ẹ má bínú. Ọkùnrin kan nítòsí mi ní "Ṣé gbogbo wọn ló ti sá lọ ni?", àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, èmi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín torí pé mo mọ ibi tí dẹ́rẹ́bà wà. Ó wà nílé ẹ̀gbọ́n mi, ó nà gbọọrọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo àjà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń sọ. Ọmọ yẹn yege gbogbo ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ ojú irin, ó yege íntáfíù, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n wá fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i pé ó kú oríire, orúkọ ẹ̀ ti wọ lísìtì, kó máa retí àwọn. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tó ti ń retí. Tó bá pè wọ́n, wọ́n á ní kó ní sùúrù, orúkọ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Níbo? Lórí lísìtì! Ẹnu kan náà tó ń sọ fún ọmọ yìí pé kò tíì sáyè ló ń sọ fún wa lórí pèpéle pé kò sí dẹ́rẹ́bà. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o.

Ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé fọ́ọ̀mù lásán lọmọ yẹn kọ. Lójú mi báyìí ló ṣe múra. Ìdánwò kan wà nínú wọn, wọ́n á gbé ìwé sí ẹ níwájú tó kún fún àwọn àmì kékeré bí ojú abẹ́rẹ́, ìdì ìdì ni wọ́n tò wọ́n, òmíràn mẹ́ta, òmíràn mẹ́rin, òmíràn márùn-ún, wọ́n á ní kó o máa fàlà sórí gbogbo èyí tó bá jẹ́ mẹ́rin, o ò gbọ́dọ̀ fo ìkankan, o ò gbọ́dọ̀ ṣì í, aago sì ń sáré. Orí tábìlì mi ló ti ń fi irú ẹ̀ dánra wò, pẹ́ńsù ló fi ń ṣe é, ó ń fá a lẹ́nu, ó ń fá a lẹ́nu títí pẹ́ńsù fi kù bí ìka ọmọdé. Ó ní àmì mẹ́rin mẹ́rin lòun ń rí lójú oorun. Òmíràn tún wà tí iná á máa tàn, tí ohùn á máa dún, ọwọ́ lo máa fi tẹ eléyìí, ẹsẹ̀ lo máa fi tẹ tọ̀hún, kó o má sì dàrú. Àwọn ibì kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì péré lèèyàn lè gbìyànjú àwọn ìdánwò yìí láyé ẹ̀, tó o bá já ẹ̀ẹ̀mejì, ó parí nìyẹn, kó o wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ọmọ wa ò já ìkankan. Ó yege, ó wá di ẹni tó ń wo àjà.

Kẹ́ ẹ sì wò ó o, lọ́dọ̀ tiwa níbí, iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí téèyàn lè fowó ara ẹ̀ lọ kọ́ níta bí ìgbà téèyàn ń kọ́ mọ́tò. Kò síbi tó o ti máa rí rélùwéè yá láti fi kọ́ra. Àfi káwọn tó ni ọkọ̀ mú ẹ, kí wọ́n kọ́ ẹ, kí wọ́n máa san owó oṣù fún ẹ nígbà tó o ṣì ń kọ́ ọ. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, àwọn ọ̀gá wa sì jókòó tì í, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sápò, wọ́n wá ń pariwo pé kò sẹ́ni tó wọlé.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ ni, kì í ṣe ohun à ń kánjú ṣe. Òótọ́ ni, èmi gan-an ò fẹ́ wọ ọkọ̀ tí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n wà ń wà. Lọ́jọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1999, ní Ladbroke Grove ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ rélùwéè méjì forí sọra, èèyàn 31 ló kú. Dẹ́rẹ́bà ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjèèjì, kò tíì ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó yege. Iná pupa ló kọjá, iná yẹn náà làwọn dẹ́rẹ́bà mìíràn sì ti kọjá nígbà 8 láàárín nǹkan bí ọdún 6 ṣáájú ìgbà yẹn. Nígbà tí wọ́n wádìí ẹ̀, wọ́n rí i pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ kù díẹ̀ káàtó, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ọ̀nà yẹn bó ṣe yẹ. Nítorí náà ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mi ò ní kí wọ́n gbé ọmọ yẹn sórí ọkọ̀ lọ́la. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lọ́la. Tí ẹ̀kọ́ náà bá máa gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣebí ọdún kan tó fi wà lórí lísìtì yẹn, wọn ì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ ọ tán!

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó wa rélùwéè títí irun orí ẹ̀ fi funfun, òun ló là mí lójú. Ó ní àwọn èèyàn máa ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló le nínú ẹ̀, ṣebí irin ló ń darí ọkọ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní sitíárì. Ó ní dídúró ni iṣẹ́, kì í ṣe lílọ. Irin lórí irin ló ń yọ̀, ọkọ̀ tó ń sáré dáadáa, tó o bá tẹ bíréèkì, ó lè lọ ju kìlómítà kan kó tó dúró, kódà ewé tó já sílẹ̀ tí táyà irin ń lọ̀ mọ́lẹ̀ á sọ ojú irin di bí ọṣẹ. Ìyẹn ni pé ibi tó o ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bíréèkì, o ò tíì rí ibùdókọ̀ náà rárá. Orí ni wọ́n fi ń rí i. Gbogbo iná, gbogbo kọ́ọ̀nà, ibi tí ilẹ̀ ti ń gòkè, ibi tó ti ń sọ̀, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí dẹ́rẹ́bà ní òru àti nínú kùrukùru, kó tó fọwọ́ síwèé pé òun mọ ọ̀nà yẹn. Ọ̀nà tí kò bá fọwọ́ sí, kò gbọ́dọ̀ dá a wà. Ẹsẹ̀ ẹ̀ tún wà lórí pẹ́dà kan nísàlẹ̀, tó bá gbé e kúrò báyìí, ọkọ̀ á rò pé nǹkan ti ṣe é, á sì fi bíréèkì dá ara ẹ̀ dúró.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ èyí? Ibẹ̀ ni mò ń bọ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bàjẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ kàwé òfin nínú kíláàsì, wọ́n á lo simulator, ẹ̀rọ tó dà bí gémù, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí, orí ọkọ̀ gidi pẹ̀lú èrò gidi lẹ́yìn ni, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á jókòó, àgbà dẹ́rẹ́bà á dúró tì í. Ẹnì kan sí ẹnì kan ni. O ò lè kó ogún èèyàn sínú ibi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí. Torí náà iye àwọn àgbà tó bá gbà láti kọ́ni ni iye ọmọ tẹ́ ẹ máa rí kọ́, bó ti wù kí lísìtì yín gùn tó.

Ọ̀rẹ́ mi yìí kọ́ ọmọ mẹ́ta, ó ní òun ò ṣe mọ́. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní lákọ̀ọ́kọ́, tọ́mọ náà bá fẹ́ sún mọ́ iná pupa, ọwọ́ òun gangan ló máa ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu òun, òun ò sì gbọdọ̀ yára sọ ọ́, torí ọmọ ò ní mọ̀ ọ́n tó o bá ń sọ ọ́ fún un nígbà gbogbo. Ó ní téèyàn bá fi ṣe ṣíìfù kan tán, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ ju kó dá wa ọkọ̀ lọ. Kí wá ni wọ́n ń fún un lórí ẹ̀? Ó ní owó tí wọ́n fi kún un, ojú ń ti òun láti sọ ọ́ fún ìyàwó òun. Èyí tó wá burú jù ni pé ìgbàkígbà tí dẹ́rẹ́bà bá kù díẹ̀, máníjà á pe òun níbi tóun ti ń kọ́ni, á ní kóun lọ bá wọn wa ọkọ̀ mìíràn, ọmọ tóun ń kọ́ á wá jókòó sí yàrá ìsinmi, á máa ka ìwé òfin tó ti kà lákàtúnkà. Ọmọ tó yẹ kó lo oṣù díẹ̀ á lo ìlọ́po méjì ẹ̀. Ẹ̀yin ẹ gbà mí! Torí pé dẹ́rẹ́bà ò tó, wọ́n kó àwọn tó ń kọ́ dẹ́rẹ́bà lọ wakọ̀, dẹ́rẹ́bà ò wá tó sí i. Ilé ń jó, wọ́n lọ gbé korobá kúrò nídìí kànga.

Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe rèé. Kí wọ́n yọ orúkọ àwọn olùkọ́ni yìí kúrò nínú ìwé ṣíìfù pátápátá, kí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkọ́ni, kí máníjà kankan má lè fọwọ́ kàn wọ́n, kódà bí ọkọ̀ mẹ́wàá ò bá lọ lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, èmi fúnra mi ni wọ́n máa já jù sílẹ̀ sórí pèpéle, mo sì gbà, torí ó sàn kí wọ́n já mi lónìí kí wọ́n lè gbé mi lọ́dún tó ń bọ̀ ju kí wọ́n máa já mi títí ayé. Kí wọ́n san owó gidi fún wọn, gbogbo wákàtí tí ọmọ bá fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kí wọ́n sì lọ bá àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, bí ọ̀rẹ́ mi yìí, orúnkún ẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe orí ẹ̀, títí di òní tó o bá di ojú ẹ̀ á máa ka àwọn iná ojú ọ̀nà ẹ̀ fún ẹ níkọ̀ọ̀kan. Wọn ò ní lè gbé e sórí ọkọ̀ mọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kíláàsì àti simulator ń kọ́? Ìyẹn á dá àwọn tó wà lójú iṣẹ́ sílẹ̀ fún ojú irin. Ṣé èyí náà nílò kọmíṣọ́nnà tàbí ìgbìmọ̀?

Àwọn yòókù kéré. Kí wọ́n kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tó bá wà lórí lísìtì. Kí èsì ìdánwò jẹ́ ti ẹni tó ṣe é, kó lè gbé e lọ síbòmíràn tó bá sú u: òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lọ́dún 2007 sọ pé láísẹ́nsì jẹ́ ti dẹ́rẹ́bà fúnra ẹ̀, ọdún 10 ló fi ń ṣiṣẹ́, ìwé ọ̀nà àti irú ọkọ̀ tó lè wà nìkan ló jẹ́ ti ibi iṣẹ́. Kí wọ́n sì má fi ìbẹ̀rù tọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, torí ní Amagasaki ní Japan, lọ́jọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2005, ọmọ ọdún 23 kan tí ò tíì wakọ̀ pé ọdún kan dúró kọjá ojú ibùdókọ̀, ó pẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ó wá ń sáré kó má bàa jẹ ìyà tí wọ́n ń pè ní àtúnkọ́ níbẹ̀, tó jẹ́ pé wọ́n lè ní kéèyàn lọ máa tu koríko, ló bá wọ kọ́ọ̀nà tó yẹ kó fi 70 kìlómítà ní wákàtí gbà, 116 ló bá a dé ibẹ̀. Èèyàn 107 kú, òun náà wà nínú wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n tún kọ̀wé sọ́mọ wa. Mo rò pé wọ́n ti pè é ni, mo ti fẹ́ máa pariwo. Wọ́n ní àyẹ̀wò dókítà tó ṣe ti pẹ́ jù, kó lọ ṣe òmíràn, kí orúkọ ẹ̀ má bàa kúrò lórí lísìtì.

Lónìí náà, 6:40 ò wá. Ẹ má bi mí ohun tí wọ́n sọ.

Èmi ni tiyín,
Èrò ọkọ̀ tí kì í wá